Ère ẹlẹ́ṣin 19 ló kù nílẹ̀, iṣẹ́ ti sú mi: báwo lẹ ṣe ń yan àwọ̀?

Ẹlẹ́ṣin Wẹ́wẹ́ (Ìlọrin)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ère ẹlẹ́ṣin kéékèèké 24 ni mò ń kùn fún Dọ́bà (ayẹyẹ tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń tò lọ síwájú ọba) kan tí mo fẹ́ tò sórí pákó: ilẹ̀ pupa, iwájú ààfin, ẹṣin ń wọ́ bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Rẹ́sìn (oje tó ń gan bí ike) ni wọ́n, ẹ̀rọ 3D ni wọ́n fi ṣe wọ́n, mílímítà 28 ni ìwọ̀n wọn, ìyẹn gíga èèyàn tó bá dúró. 5 ti parí. 19 tó kù ti gba ọ̀dà ìpìlẹ̀ dúdú, inú páálí ni wọ́n sì wà láti oṣù mẹ́ta.

Agbádá ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 5 yẹn ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹyọ kan ń gba tó wákàtí 9, àti pé ìjókòó ti ìgò ọ̀dà, kí n máa wò wọ́n, ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí mo tò wọ́n pọ̀, wọ́n dà bí ìsọ̀ aláńkárá: ojú ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wò. Ojú àwọn ẹlẹ́ṣin náà tún funfun bí ẹni tí kò fi ìpara para nígbà ọyẹ́.

Ṣé kí n máa parí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àbí kí n kun gbogbo wọn pọ̀? Báwo ni mo ṣe lè yan àwọ̀ tí kò ní sú mi, tí pákó náà ò sì ní dà bí ọjà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ sinmi o. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi sinmi.

Ọ̀dà Tínrín

Ẹ kú ìnira. Wákàtí 9 yẹ ère tó máa dá dúró nínú gíláàsì. Èyí tó máa wà láàárín 24, wákàtí 2 sí 3 ti tó o, nítorí pé ẹni tó bá ń wo pákó yìí á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 jìnnà sí i. Láti ibẹ̀, àwọ̀ agbádá lèèyàn ń rí, àti láwàní, àti ojú bó bá mọ́lẹ̀ ju ọrùn lọ. Kò sẹ́ni tó máa rí irin ẹnu ìjánu.

Ẹ mú 5 jáde, kí ẹ dá 14 padà sínú páálí, kí ẹ sì gbé páálí náà kúrò níbi tí ojú yín ti máa tó o. Ẹni tó to 19 sórí tábìlì, ẹsẹ̀ ẹṣin nìkan, 76 ló máa kùn kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń súni. Ẹsẹ̀ 20 ṣeé kùn tán kí wọ́n tó mú iná lọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ ìdí ère kọ̀ọ̀kan mọ́ orí ìgò oògùn tó ti ṣófo, ìgò náà ni kí ẹ máa dì mú. Ọ̀rá ọwọ́ àti ìfọwọ́rà ló máa ń bó ọ̀dà kúrò ní góńgó láwàní àti etí ẹṣin.

Ẹ má kun nǹkan kan lórí dúdú yẹn ná. Ẹ wá bùrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó, ẹ tọ́ ọ bọ ọ̀dà funfun, ẹ nù ún mọ́ tíṣù títí tí kò fi ní fẹ́ẹ̀ fi àmì sílẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa gbá a lórí ère láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ìgbà tí oòrùn ọ̀sán ń pa á. Èjìká, imú, ìdí ẹṣin á funfun. Abẹ́ ikùn ẹṣin àti abẹ́ apá agbádá á dúdú síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 kò ní pé lórí 5. Ọ̀dà tínrín tí ẹ bá fi lé e lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ á ṣe òjìji àti ìmọ́lẹ̀ fún yín, ìdajì iṣẹ́ ti tán nìyẹn.

Ẹ̀kán ọ̀dà 1 sí ẹ̀kán omi 1 ni fún àwọ̀ tí ẹ fẹ́ kó bo nǹkan. Tí ẹ bá fẹ́ kí funfun ìsàlẹ̀ yẹn hàn gba inú rẹ̀, 1 sí 3. Ẹ fà á lórí èékánná yín kí ẹ tó gbé e sórí ère: bó bá sáré ṣàn lọ sétí èékánná, omi ti pọ̀ jù, bí ipa irun bùrọ́ọ̀ṣì bá ṣì hàn nínú rẹ̀, ó ṣì ki.

Bó ṣe tẹ̀lé ara wọn: ẹṣin, awọ ara èèyàn, agbádá, láwàní, gàárì àti ìjánu, wúrà, ilẹ̀. Ohun tó wà nínú ló ń ṣáájú ohun tó wà lóde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kun ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin kó tó kun ìhà ẹṣin, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kun ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ máa jókòó fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan. Tí ó bá ku díẹ̀ kí àkókò pé, ẹ fi ìrù ẹṣin kan sílẹ̀ láìkùn. Lọ́jọ́ kejì, ìrù yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, kò gba àrojinlẹ̀ kankan, ọwọ́ á sì ti wọ iṣẹ́ kí ẹ tó kan ohun tó le. Ọ̀rọ̀ mìíràn: lẹ́yìn tí àwọ̀ àkọ́kọ́ bá ti wà lórí gbogbo rẹ̀, tí ẹ ò tíì fi òjìji kankan sí i, ère náà máa burẹ́wà bí ọmọlangidi ike. Gbogbo ère ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má tìtorí ẹ̀ da ọ̀dà nù.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ìlọrin)

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni tèmi. Ìlọrin tí ẹṣin leégún ilé wọn, ṣé ẹ ti rí Dọ́bà tí ẹlẹ́ṣin ń dá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kálukú wọ ohun tó wù ú? Ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́ ni wọ́n ń jáde, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Ẹ dá aṣọ ẹbí fún wọn, ìṣòro àwọ̀ tán. Ẹ pín 19 sí 5, 5, 5 àti 4. Ìpinnu mẹ́rin péré lẹ máa ṣe.

Àwọn 5 tó ti parí, tí ẹ ní wọ́n dà bí ìsọ̀ aláńkárá, ẹ má tún wọn kùn o. Mẹ́rin nínú wọn ni olórí ọ̀wọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣíwájú àwọn tó wọ aṣọ kan náà. Ẹni karùn-ún tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ fi í sí àárín gbùngbùn, kí àyè ṣẹ́ kù yí i ká. Ojú á mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wò nígbà yẹn.

Aṣọ mẹ́rin náà rèé, mo ti pò wọ́n fún yín:

Ẹ̀tù: búlúù tó jìn 3, dúdú 1. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà, ẹ fi búlúù yẹn nìkan láìsí dúdú. Ilà òféefèé tín-ín-rín ló ń sọ ọ́ di ẹ̀tù, ẹ fa ilà 3 tàbí 4 sẹ́yìn agbádá, ó ti tó.

Sányán: búráùn 1, funfun 2, yẹ́lò díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Òjìji rẹ̀, búráùn tí ẹ fi omi là, ẹ̀kán 1 sí omi 4.

Àlàárì: èyí ló ń dààmú èèyàn jù. Pupa kì í bo dúdú, ẹ lè kùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà kó ṣì máa rí bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi búráùn tó pupa tẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà pupa, ìpele 2. Tí ẹ bá fẹ́ kí etí aṣọ mọ́lẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ fi kún un. Funfun á sọ ọ́ di píǹkì, àlàárì á di aṣọ ọmọdé.

Funfun: ẹ má fi funfun bẹ̀rẹ̀ funfun. Àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ gan-an, pẹ̀lú búráùn díẹ̀ nínú, ni kí ẹ fi tẹ́ gbogbo agbádá, ìpele 2 tó tínrín. Funfun gidi, orí ìṣẹ́po aṣọ àti èjìká nìkan. Tó bá rí bí ẹfun tó ń bó, ọ̀dà ti ki jù nìyẹn.

Ẹ tún ronú nípa ìwọ̀n. Ìbú aṣọ òkè kan jẹ́ nǹkan bí ínṣì 4, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10. Lórí ère tó tó báyìí, kò pé mílímítà 2. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ìrán hàn lẹ́yìn agbádá, ilà kan sí èkejì ò gbọdọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi mílímítà 4 sí àárín, ẹlẹ́ṣin yín á dà bí ọmọ kékeré tó wọ aṣọ bàbá ẹ̀.

Kó má bàa sú yín, ẹ fi ohun kan sílẹ̀ lómìnira. Agbádá ti dá dúró, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Láwàní àti aṣọ tí wọ́n fi bo ẹṣin, ẹ yan ohun tó bá wù yín nínú àwọ̀ tó bá ti wà lórí àwo yín lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣí ìgò tuntun nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ méjì máa bára mu, ẹ kun ẹyọ kan ní ìkánjú, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ yí fọ́tò náà sí dúdú àti funfun. Bí agbádá àti ẹṣin bá jẹ́ eérú kan náà nínú fọ́tò, wọ́n máa rì mọ́ra láti òkèèrè, bó ti wù kí àwọ̀ wọn yàtọ̀ tó. Ẹṣin ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ.

Ẹlẹ́ṣin Wẹ́wẹ́ (Ìlọrin)

Ẹ ṣeun gan-an ni, màmá. Ti olórí ọ̀wọ́ yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rárá. Ìṣòro kan wà: nínú 19 yẹn, 6 ni ara wọn rí ṣákaṣàka bí bébà tí káfíńtà fi ń ha igi. Oṣù kìíní ni mo fín wọn, níta gbangba. Ṣé ọ̀dà tó máa tẹ̀ lé e lè bò ó?

Ọ̀dà Tínrín

Kò ní bò ó, ó máa tún hàn sí i ni. Ọyẹ́ ló fà á. Atẹ́gùn ti gbẹ jù, ọ̀dà agolo ti gbẹ lófuurufú kó tó dé ara ère, lúbúlúbú ló balẹ̀, pẹ̀lú eruku. Nígbà ọyẹ́, ẹ sún agolo mọ́ ère, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ẹ fín in láàárọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ gba ara ère, àmọ́ tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣí, ẹ sì bo imú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìfín kí ẹ tó kan ère, kí ẹ kọjá rẹ̀ kí ẹ tó jáwọ́. Ìdúró lójú kan ló ń dí ojú àti ìka ère. Nígbà òjò, òdìkejì ni: ọ̀rinrin á jẹ́ kó máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ lo ọ̀dà ìpìlẹ̀ oníbùrọ́ọ̀ṣì, ìpele 2, kí èyí àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí èkejì tó gorí ẹ̀.

Àwọn 6 yẹn, ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbá wọn ná. Bó bá jẹ́ lúbúlúbú orí nìkan ni, á gbọ̀n dànù. Bí kò bá gbọ̀n, kí ẹ bọ́ ọ̀dà náà ló kù. Dettol aláwọ̀ búráùn máa ń bọ́ ọ̀dà ákírílíkì (ọ̀dà olómi tí a ń lò yìí) lára ike àti irin tí ẹ bá rẹ ẹ́ mọ́jú. Ti rẹ́sìn ò dájú tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ fi ẹyọ kan péré dán an wò, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kó má bàa rọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ohun tó ń ba tèèyàn jẹ́ níbẹ̀ ni omi: bí ẹ bá gbé e jáde, inú Dettol mìíràn ni kí ẹ ti fi bùrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kó tó kan omi àti ọṣẹ. Tí omi bá kan ọ̀dà tó ti rọ̀ yẹn, ńṣe ló máa di oje tó ń fà, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dà ń ṣí kúrò ní abala ńlá bí awọ, ọyẹ́ kọ́ nìyẹn. Wọn ò fọ rẹ́sìn náà dáadáa, tàbí iná tàbí oòrùn ò tíì pa á tó. Ẹ bọ́ ọ̀dà rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gan, kí ẹ tó tún fín in.

Ọyẹ́ tún máa ń gbẹ ọ̀dà lórí àwo. Ẹ wá ike oúnjẹ pẹlẹbẹ tó ní ọmọrí, ẹ tẹ́ fóòmù tó rin sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi bébà tí àwọn alákéèkì ń tẹ́ sínú agolo kéèkì lé e lórí. Kó má jẹ́ oníìda o, ìda ò ní jẹ́ kí omi gòkè. Ọ̀dà á wà ní tútù di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, èyí sì tún ran ìfaradà lọ́wọ́, torí àwọ̀ tí ẹ pò lánàá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má hu.

Ọmọ Ìgbómìnà (Òrò)

Ọ̀dà Tínrín, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ wákàtí 2 yẹn tán. Ẹ dín àkókò kù lórí ìjánu àti gàárì, àmọ́ ẹ má dín in kù lójú èèyàn. Ojú ni ojú ń wò. Ìṣẹ́jú 15 sí i lórí orí kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kí gbogbo tó kù dà bí iṣẹ́ ọ̀gá.

Ojú tó funfun yẹn, funfun tí ẹ fi kún búráùn ló fà á. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n ń kọ káàkiri, awọ òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ fún. Fún tiwa: búráùn tó dúdú 3, pupa 1, òun ni ìpìlẹ̀. Òjìji, ẹ fi búlúù tó jìn kún un, dúdú á pa á. Ìmọ́lẹ̀, ẹ fi àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà yẹ́lò tó jọ amọ̀. Awọ dúdú máa ń dán, torí náà ìmọ́lẹ̀ orí rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó mú: orí imú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, òkè ìpéǹpéjú, oríkèé ìka. Ẹ má fẹ̀ ẹ́ ká gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ, ètè ìsàlẹ̀ ní pupa díẹ̀. Inú ìpìlẹ̀ kan náà lẹ ti lè rí ẹni pupa, ẹni dúdú àti ẹni tó wà láàárín. Ẹ pò wọ́n mọ́ra nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ nìkan jọra. Ẹyinjú, ẹ fa ilà dúdú kan ṣoṣo. Funfun ẹyinjú lórí mílímítà 28, ẹni tó rí iwin ló máa ń jọ.

Ẹṣin: èyí tó pupa rúsúrúsú, tí gọ̀gọ̀, ìrù àti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, òun ló rọrùn jù. Ẹṣin funfun, ẹ fi eérú tẹ́ ẹ, kí ẹnu àti imú rẹ̀ dúdú díẹ̀, nítorí awọ abẹ́ irun rẹ̀ dúdú. Bí ẹsẹ̀ kan bá funfun, pátákò rẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ fún ọ̀wọ́ aláṣọ funfun ní ẹṣin dúdú tàbí pupa, ẹ fún ẹlẹ́tù ní ẹṣin funfun.

Láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì, ẹ kun ohun tí kì í ṣe ẹlẹ́ṣin. Ẹ fi amọ̀ olóje méjì tí a ń pò pọ̀ mọ èèyàn tó jókòó sórí àpótí, bí ère Èsìẹ́, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa. Ó lé ní 1,000 ère òkúta ọṣẹ (òkúta rírọ̀ tó ṣeé gbẹ́) tó wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n kó wọn sí láti 1945 sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò sí yíyan àwọ̀ rárá: dúdú nísàlẹ̀, eérú pẹ̀lú àwọ̀ ewé díẹ̀ lórí, bùrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pẹ̀lú eérú tó mọ́lẹ̀, omi búráùn sínú kọ̀rọ̀. Wákàtí 1, ó parí, ojú sì ti sinmi kúrò lára pupa àti búlúù. Tí omi búráùn bá gbẹ tó fi àmì yípo bí ìdí ife tíì sílẹ̀, ẹ ti fọwọ́ kàn án nígbà tó gbẹ ìdajì ni. Ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì mímọ́ fa èyí tó dúró jọ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Ìlọrin)

Òótọ́ ni ti ojú yẹn. Mo fẹ́ fi ilẹ̀ kún un: ilẹ̀ nìkan lẹ máa ṣe fún gbogbo 24 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ pupa ìlú wa, ẹ yan án nínú agbada àlòkù kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù funfun 2, omi 1, ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì pa á sídìí ère, ẹ wọ́n iyẹ̀pẹ̀ lé e, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù á jẹ́ kó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi bùrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbé àwọ̀ amọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹ gbé díẹ̀ kan ẹsẹ̀ ẹṣin àti etí agbádá náà. Eruku Dọ́bà nìyẹn.

Ẹlẹ́ṣin Wẹ́wẹ́ (Ìlọrin)

Mo ti mú 5 jáde, àlàárì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, páálí sì ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fánìṣì ńkọ́? Ṣé kí n fín in bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí, àbí kí n dúró de gbogbo wọn?

Ọ̀dà Tínrín

Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí, ẹ má dúró, ìfọwọ́kàn á ti bó etí láwàní kó tó di pé ọ̀wọ́ kẹrin parí. Agolo kan náà fún gbogbo wọn, kí dídán wọn má yàtọ̀. Èyí tí kì í dán ni kí ẹ rà, ìpele 2 tó fẹ́lẹ́. Ẹ mì í fún ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Ẹ má fín in lọ́jọ́ tí òjò ń bọ̀, ọ̀rinrin máa ń sọ ọ́ di funfun bí ìrì. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi fánìṣì tó ń dán kùn ún lórí pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì, funfun yẹn sábà máa ń parẹ́. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, ẹ tún fi èyí tí kì í dán lé e. Wúrà etí agbádá àti ti gàárì, ẹ̀yìn fánìṣì ni kí ẹ fi sí i, kí dídán rẹ̀ má kú. Omi tí ẹ fi fọ bùrọ́ọ̀ṣì wúrà, ẹ dà á nù lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ẹlẹ́ṣin á máa dán wínníwínní.